Ègbè Ni Ẹ̀mí Àlọ́: Orísun Ìtàn Àbáláyé àti Bí Wọ́n Ṣe Dé Orí Ìtàgé

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ ibi tí àlọ́ àti ìtàn àbáláyé ti ṣẹ̀ wá, kí n sì sọ bí wọ́n ṣe di eré orí ìtàgé. Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ yín lógún ní Àbújá níhìn-ín. Ọdún 1976 ni ìjọba fi òfin dá agbègbè olú-ìlú yìí sílẹ̀. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá síbí. Ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín lọ́dún náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, òun náà ti ń tọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ Ìjàpá, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó rí níbi tí àgbà ti ń pàlọ́ lálẹ́. Èyí ló mú kí àwọn kan máa sọ pé àlọ́ ti kú, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé ká sáré kó o sínú ìwé kó tó kú. Èrò tèmi yà sọ́tọ̀ díẹ̀. Ìtàn inú àlọ́ kò kú, kò sì ní í kú bọ̀rọ̀. Ègbè ló ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́: ẹ̀tọ́ tí olùgbọ́ ní láti dáhùn, láti kọrin, láti béèrè, láti dá apàlọ́ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré kan tí wọ́n gbé jáde láti inú àlọ́ ṣe àlọ́ náà lóore, ẹ má kàn wo bó ṣe sún mọ́ ohun tó wà nínú ìwé. Ẹ wo ohun tó fi sílẹ̀ fún òǹwòran láti ṣe. Ohun tí mo wá gbèjà rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì, nítorí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa pípa ìtàn àbáláyé mọ́, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń nawọ́ sí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Jacob àti Wilhelm Grimm. Ìlú Hanau ni wọ́n bí wọn sí, Jacob ní 1785, Wilhelm ní 1786, wọ́n sì dàgbà di ará Kassel. Ìdìpọ̀ kìíní ìwé ìtàn wọn jáde ní 1812 pẹ̀lú ìtàn 86, ìkejì sì tẹ̀ lé e ní 1815. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìtàn wọ̀nyí jọ jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ Faransé le lórí wọn. Jérôme, àbúrò Napoleon, ló ń jọba ní Kassel. Ẹni tí àlejò ń jọba lé lórí a máa wá ohun tí yóò fi mọ ara rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn òǹkàwé ṣe tètè gbà pé ẹnu àgbẹ̀ àti ará oko nìkan ni àwọn ìtàn yìí ti jáde, pé ti Jámánì pọ́ńbélé ni wọ́n láìlábùlà.

Ìwádìí tó wáyé lẹ́yìn ìgbà náà kò fara mọ́ ìgbàgbọ́ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tó sọ ìtàn fún àwọn Grimm jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ilé olówó tó mọ̀wé kà. Àwọn ọmọ Wild wà níbẹ̀, tí bàbá wọn jẹ́ apoògùn. Wilhelm wá fẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Dortchen, ní 1825. Àwọn ọmọ Hassenpflug wà níbẹ̀, tí ìdílé ìyá wọn ṣẹ̀ wá láti Faransé. Dorothea Viehmann, tí àwọn Grimm yìn ju gbogbo wọn lọ nítorí pé bó bá tún ìtàn sọ kì í yẹ ọ̀rọ̀ kan, ìyàwó aránṣọ ni, ọmọ ẹni tó ní ilé èrò ni, àwọn baba ńlá rẹ̀ sì sá kúrò ní Faransé nítorí ẹ̀sìn. Ẹni tó dàgbà sí ilé èrò, ìtàn ibo ni kò ní í gbọ́? Ìtàn ọmọdébìnrin tó pàdé ìkookò lọ́nà ilé ìyá ìyá rẹ̀ ti wà nínú ìwé Charles Perrault ní Faransé láti 1697. Ìtàn Cinderella ti wà nínú ìwé Giambattista Basile, ará Naples, ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún ṣáájú ìwé àwọn Grimm. Ìtàn tí wọ́n ń pè ní ti Jámánì ti rin ilẹ̀ jìnnà kó tó dé Kassel.

Nígbà tó dé ọwọ́ wọn náà, kò dúró sójú kan. Wilhelm ń tún ìwé náà ṣe títí di àtẹ̀jáde keje ní 1857. Nínú àtẹ̀jáde kìíní, ìyá tó bí Hänsel àti Gretel gan-an ló ní kí wọ́n lọ já àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú igbó nígbà ìyàn. Nínú ti 1840, ó ti di ìyàwó bàbá wọn. Ìtàn kan wà ní 1812 nípa àwọn ọmọdé tó ń fi pípa ẹran ṣeré títí wọ́n fi pa ọ̀kan nínú ara wọn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú àtẹ̀jáde tó tẹ̀ lé e. Àwọn òbí ló ń ra ìwé náà, ohùn wọn sì dé etí Wilhelm. Kí ni mo fẹ́ kí ẹ fà yọ nínú gbogbo èyí? Pé ibi tí ayé gbà pé ìtàn ti wà ní ìpilẹ̀ láìyí padà, ọ̀pọ̀ ẹnu àti ọ̀pọ̀ etí ló para pọ̀ mọ ọ́n. Ohùn olùgbọ́ wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Orí ìtàgé tún fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1890, Adelheid Wette kọ ewì díẹ̀ jáde láti inú ìtàn Hänsel àti Gretel kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè fi ṣeré nínú ilé, ó sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Engelbert Humperdinck, pé kó bá òun fi orin sí i. Orin ilé yìí ń gbòòrò títí ó fi di eré olórin ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Weimar ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1893. Richard Strauss ló darí orin lọ́jọ́ náà. Wette kò tẹ̀ lé ìwé àwọn Grimm délẹ̀délẹ̀. Nínú eré tirẹ̀, ìyá kì í ṣe ìkà: ìkòkò wàrà ló fọ́, inú bí i, ó ní kí àwọn ọmọ lọ ṣa èso wá nínú igbó, ilẹ̀ wá ṣú mọ́ wọn síbẹ̀. Ìyípadà yìí kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ di òní olónìí, bí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, àwọn ilé ìṣeré Jámánì á gbé eré náà jáde, òbí á kó ọmọ lọ wò ó. Mo gbà pé ìdí kan tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé inú ẹnu àwọn ọmọ tó ń kọrin nínú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ẹni tó máa kọ ọ́ lórin kó tó mú gègé.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Àlọ́ tiwa náà kò ní ìlú kan ṣoṣo tí a lè pè ní ìlú ìbí rẹ̀. Ẹ wo ìtàn bí wọ́n ṣe fi ère tí wọ́n fi àtè kùn mú Ìjàpá olè lóko: ó bá ère sọ̀rọ̀, ère kò dá a lóhùn, ó gbá a lábàrá, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ó ta á nípàá, ẹsẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn Akan ní Gánà ń sọ ọ́ mọ́ Ananse aláǹtakùn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà gbé e dání lọ, ó sì di ti Ehoro nínú ìwé tí Joel Chandler Harris tẹ̀ jáde ní 1880. Kò sẹ́ni tó lè fi ìlà pààlà sí i pé ibí ló ti wá. Àwọn tó kọ àlọ́ wa sílẹ̀ náà pọ̀: A. B. Ellis, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, fi díẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí Yorùbá ní 1894, M. I. Ogumefu tẹ ìwé ìtàn Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1929. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá sì kó *Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá* jọ ní èdè Yorùbá gan-an, ó jáde ní 1973. Gbèsè ọpẹ́ wà lọ́rùn wa fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àká ni ìwé jẹ́ fún àlọ́. Àgbàdo inú àká kò bà jẹ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ebi ń pa ọmọ tí kò sẹ́ni tó gbé e kaná fún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e kaná? Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni. Àlọ́ àpamọ̀ ló máa ń ṣíwájú, kí ọpọlọ àwọn ọmọ lè là, kí oorun sì dá lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni apàlọ́ yóò ní «Ààlọ́ o!», tí gbogbo ilé yóò dáhùn pé «Ààlọ̀!». Bí wọn kò bá dáhùn, kò ní í bẹ̀rẹ̀. Bí orin bá wà nínú rẹ̀, á kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ègbè. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá tó lọ bẹ babaláwo pé kó se àsèjẹ fún Yánníbo, aya rẹ̀ tó ń wá ọmọ. Babaláwo kìlọ̀ fún un pé kó má fi kan ẹnu. Òórùn ọbẹ̀ pọ̀ jù fún un lọ́nà, ó tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì sáré padà lọ bẹ babaláwo. Orin ẹ̀bẹ̀ yẹn ni ọ̀pá ẹ̀yìn àlọ́ náà. Apàlọ́ ni yóò máa lé e bí Ìjàpá tí ojú ń tì, àwọn ọmọ ni yóò máa gbè é. Bí wọ́n bá gbè é lẹ́ẹ̀kan, ikùn tún tóbi sí i. Bí wọ́n bá tún gbè é, Ìjàpá tún sún mọ́ ilé babaláwo sí i. Ohùn àwọn ọmọ ló ń ti Ìjàpá rìn lọ́nà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ibi tó dé ni yóò dúró sí. Ẹ ò rí i pé òṣèré ti wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, òǹwòran tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Eré oníṣe ni kí ìtàgé tó dé.

Níbí ni àtakò kìíní ti máa ń yọjú. Wọ́n á ní òyìnbó ló mú ìtàgé wá, pé bí a bá gbé àlọ́ lọ síbẹ̀, ilé onílé la gbé e lọ. Òótọ́ ni pé gbọ̀ngàn tó ní aṣọ ìkélé, tí òṣèré wà lápá kan tí òǹwòran wà lápá kejì nínú òkùnkùn, kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn Alárìnjó, òṣèré tó ń rìn kiri ìlú, ti ń fi eré ṣiṣẹ́ jẹ kí ìyẹn tó dé. Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, Aláàfin sì ní kí wọ́n ṣeré fún un. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn òṣèré wọ ẹ̀kú, wọ́n pidán. Òjòlá ńlá kan jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kú kan ya lára ẹnì kan, ère òyìnbó sì yọ, ó funfun, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, òtútù ń mú un. Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń yíjú sí Clapperton kó wá sọ bóyá wọ́n ṣe òyìnbó dáadáa. Ẹ kíyè sí ohun tó tún kọ: láàárín ìran kan sí èkejì, àwọn aya ọba ń kọrin, gbogbo èrò sì ń bá wọn gbè é. Nínú àkọsílẹ̀ nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn yìí nípa eré ilẹ̀ wa, a bá ègbè níbẹ̀. Ìtàgé Yorùbá kò ṣàjèjì sí àlọ́. Ìtàgé tí a pa òǹwòran lẹ́nu mọ́ lórí rẹ̀ ló ṣàjèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ àwọn àgbà dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọdún 1952 ni ìwé Amos Tutùọlá, *The Palm-Wine Drinkard*, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù: ọ̀mùtí tí bàbá rẹ̀ fún ní oko ọ̀pẹ 560,000, tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ kú, tó wá ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tó wà nínú ìwé náà ni ti ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ, tó wá tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan láti ọjà. Lọ́nà, ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n, ẹsẹ̀ níhìn-ín, apá lọ́hùn-ún, títí ó fi ku agbárí nìkan. Wọ́n so owó ẹyọ kan mọ́ ọmọbìnrin náà lọ́rùn, kó lè máa pariwo bó bá fẹ́ sá. Ìtàn yìí kún ẹnu àwọn ìyá àgbà jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìtàn kan tó jọ ọ́ sì wà nínú ìwé àwọn Grimm. Nínú ti àwọn Grimm, wọ́n fa ọmọbìnrin kan fún ọkọ tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Ó yọ́ lọ sí ilé rẹ̀ nínú igbó, ó sá pamọ́ sẹ́yìn àgbá, ó sì rí i pé olè apànìyàn ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ní kí oníkálùkù sọ ìtàn kan. Ìyàwó ní àlá kan ni òun fẹ́ rọ́. Ó rọ́ gbogbo ohun tó rí, ó wá mú ìka tí wọ́n gé lọ́wọ́ òkú jáde, àwọn àlejò sì dìde, wọ́n mú ọkọ náà. Àwọn tó ń gbọ́ ìtàn ló di onídàájọ́. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé láìsí olùgbọ́, kò sí ìdáǹdè.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olùkọ́ tó di òṣèré, ló sọ ìwé Tutùọlá di eré. Yunifásítì Ìbàdàn gbà á sọ́dọ̀ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Demas Nwoko bá a ṣètò ìtàgé, *Lánkẹ́ Ọ̀mù* sì jáde ní 1963. Ó yí nǹkan púpọ̀ padà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá padà di Yorùbá, ìtàn di orin àti ijó, ìrìn-àjò sí ìlú òkú sì di àlá tí ọ̀mùtí lá. Àwọn kan lè sọ pé àlá yẹn bu ẹ̀rù ìtàn náà kù, nítorí pé ẹni tó jí lójú oorun kò dé ọ̀run. Mo gbọ́, àríwísí náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dá padà. Tutùọlá gbé àlọ́ wọ inú ìwé, níbi tí òǹkàwé kan ti dá jókòó. Ògúnmọ́lá gbé e jáde kúrò níbẹ̀, ó tún fún un ní orin tí ẹgbẹ́ ń gbè, ìlù tó ń pe ni, àti ọ̀rẹ́ ọ̀mùtí tó ń dáhùn. Ní 1969 eré náà dé Algiers, níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà. Ohun tó sọnù jẹ́ apá kan ìtàn. Ohun tó padà wá jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀.

D. O. Fágúnwà náà mọ àṣírí yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, tó jáde ní 1938, ó bẹ òǹkàwé pé kí wọ́n fi ara wọn sípò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, kí wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn gan-an ni. Ó sì fi Àkàrà-Ògùn sí iwájú àwọn ènìyàn tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti gbọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ̀wé ni, ṣùgbọ́n agbo ló ń kọ fún. Abájọ tí ìwé náà fi rọrùn gbé lọ sórí ìtàgé. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di *Lángbòdó*, Dàpọ̀ Adélugbà darí rẹ̀, òun sì ni eré tí Nàìjíríà fi ṣojú ara rẹ̀ ní FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, ní 1977. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, nítorí pé àlejò gbogbo ayé ló wà níjókòó, síbẹ̀ orin, ijó àti oríkì kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àwọn aládùúgbò wa náà ti ronú débẹ̀. Ní Gánà, Efua Sutherland bá àwọn ará Ekumfi-Atwia kọ́ ilé ìtàn sí ìlú wọn, ó sì fi ọgbọ́n tó kó níbẹ̀ kọ *The Marriage of Anansewa*, tí wọ́n tẹ̀ ní 1975. Ananse fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tọrọ ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọba mẹ́rin, ilẹ̀ wá ń mọ́ bá a. Àwọn ará Atwia ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni nínú olùgbọ́ fi lè dá ìtàn dúró pẹ̀lú orin, kí ó tó tẹ̀ síwájú. Sutherland gbé àṣà yẹn sórí ìtàgé, ó fi asọ̀tàn sójú gbogbo ènìyàn, ó sì jẹ́ kí àwọn òṣèré jókòó bí olùgbọ́. Nílé níhìn-ín, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan lo ìpè àlọ́ láti ṣí *Once Upon Four Robbers*, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1978. Àkókò tí ìjọba ń yìnbọn pa adigunjalè ní gbangba ni. Nígbà tí eré náà dé góńgó, tí àwọn ọmọ ogun àti àwọn olè dojú kọ ara wọn, asọ̀tàn dá eré dúró, ó sì ní kí àwọn òǹwòran dájọ́ fúnra wọn. Ègbè ti kúrò ní orin níbẹ̀, ó ti di ẹ̀rí ọkàn aráàlú.

Àtakò kejì wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n á ní: bí o bá ti gbà pé ká yí àlọ́ padà, kí ni yóò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun? Ẹnikẹ́ni á kàn gbé ohun tó wù ú jáde, á pè é ní àlọ́ Ìjàpá. Ìdáhùn mi ni pé òfin wà, ó kàn yàtọ̀ sí òfin ìwé ni. Apàlọ́ kì í parí àlọ́ láìfi agogo ẹnu rẹ̀ búra lójú gbogbo ènìyàn pé òun kò purọ́. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ náà rí ló ń ṣọ́ ọ. Bó bá fo ibì kan, wọ́n á sọ. Ìdí nìyí tí àlọ́ kan fi lè ní ẹ̀dà mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta kí gbogbo wọn sì tọ̀nà. Agbo ló ń ṣọ́ àlọ́. Bí a bá wá gba ohùn lẹ́nu agbo, kò sí ìwé tó lè ṣọ́ ọ mọ́, nítorí ìwé kì í pariwo bí wọ́n bá ń bà á jẹ́.

Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù Ìjàpá fúnra rẹ̀. Olè ni, òpùrọ́ ni, wọ̀bìà ni. Kí ló dé tí a fẹ́ gbé e síwájú ọmọ? Mo fọwọ́ sí i pé ọmọ tó kàn ń wo Ìjàpá lórí àwòrán, tó rí i bó ṣe ń rẹ́ni jẹ, lè rẹ́rìn-ín kó sì kọ́ ìrẹ́jẹ. Ọmọ tó ń gbè é kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ orin ìtìjú Ìjàpá ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin. Ó mọ bí ẹ̀bẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà ni àgbà yóò bi í pé kí ló rí kọ́, ọmọ ni yóò sì dáhùn. Ẹ̀kọ́ àlọ́ wà nínú ìdáhùn yẹn.

Ẹni tó mọ ìtàn ìtàgé wa dáadáa yóò tún já mi níyàn báyìí: Dúró Ládípọ̀ gbé *Ọba Kò So*, tó kọ́kọ́ ṣe ní 1963, lọ sí Berlin ní 1964, ó sì gba ìyìn lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá kankan. Ta ló gbè é níbẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ọba ni *Ọba Kò So*, kì í ṣe àlọ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wà lórí ìtàgé ló sì ń dá Ṣàngó lóhùn, tí wọ́n dúró fún ìlú. Òǹwòran Berlin rí agbo tó ń dáhùn níwájú wọn. Bí Ládípọ̀ bá ti fi àwọn ará ìlú yẹn sílẹ̀ nílé, tó gbé Ṣàngó nìkan lọ, mo rò pé ìyìn náà ìbá dín kù.

Ó wá ku ìṣòro Àbújá gan-an. Àwọn ọmọ yín ń dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ bá bá wọn sọ Yorùbá, àwọn ọmọ kíláàsì wọn sì jẹ́ Gbagyi, tó nilẹ̀ yìí, àti Haúsá, Íbò, Tiv, Ẹdó. Wọ́n á ní àlọ́ Yorùbá kò lè rí ègbè níbẹ̀. Mo rò pé ó lè rí i jù báyìí lọ. Ègbè kúrú, ó sì ń tún ara rẹ̀ wí. Ọmọ tí kò lè gbọ́ gbólóhùn Yorùbá mẹ́wàá lè gbe ègbè ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí orin tó yí lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni èdè máa ń gbà wọlé. Ọmọ Haúsá ní Gizo aláǹtakùn àti Koki aya rẹ̀; ọmọ Íbò ní Mbe ìjàpá; wọ́n mọ ìwà Ìjàpá kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀. Láti 1984 ni *Tales by Moonlight* ti fi èyí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n NTA: àwọn ọmọ yí àǹtí ká, wọ́n ń kọrin pẹ̀lú rẹ̀, ìtàn ẹ̀yà kan tẹ̀ lé ti èkejì. Ibi tí ètò yẹn kù sí ni pé ọmọ tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n lè kọrin, ṣùgbọ́n àǹtí kò gbọ́ ọ. Ìtàgé lè gbọ́ ọ. Àǹfààní tí ìtàgé ní lórí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù nìyí, ìtìjú sì ni fún wa bí a bá ń ṣe eré lórí ìtàgé bí ẹni pé inú fóònù ni a wà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nílò gbọ̀ngàn tuntun. Gbọ̀ngàn Cyprian Ekwensi ní Garki wà, gbọ̀ngàn ilé-ìwé wà, ti ṣọ́ọ̀ṣì wà, àgbàlá ilé ẹgbẹ́ ìlú wa wà. Ẹ jẹ́ kí apàlọ́ kọ́ òǹwòran ní ègbè kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí iná wà lójú òǹwòran, kí òṣèré lè rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ dẹ́kun gbígba orin sílẹ̀ ṣáájú kí àwọn ọmọ wá máa la ẹnu lásán tẹ̀ lé e níbi àjọyọ̀ ìparí ọdún ilé-ìwé; ohùn tó ṣi orin kọ sàn ju ẹnu tó ń la lófo lọ. Bí ẹ bá sì ń gba ohùn àwọn àgbà tó kù sílẹ̀, ẹ kó ọmọ sí àyíká wọn, nítorí àgbà tó ń pàlọ́ fún ẹ̀rọ nìkan yóò gé e kúrú, orin ni yóò sì kọ́kọ́ fò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó sí eré, ẹ̀yin alákòóso àṣà, ẹ̀yin adarí ilé-ìwé, ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi ẹni tó bá mú ìwé eré wá bá yín, pé ó fẹ́ gbé àlọ́ sórí ìtàgé: kí ni àwọn ọmọ tó wá wò ó yóò ṣe? Bó bá ní wọn yóò jókòó, wọn yóò wò, wọn yóò pàtẹ́wọ́ níparí, ẹ dá ìwé náà padà fún un kó lọ tún un ṣe. Bó bá lè fi ibi tí wọn yóò ti dáhùn hàn yín, ibi tí wọn yóò ti kọrin, àti ibi tí wọn yóò ti dájọ́, ẹ fún un lówó, kódà bó bá sọ Ìjàpá di ará Àbújá tó ń wa takisí. Àwọn baba ńlá wa kò ní í bínú sí ìyẹn.